Oògùn Ọpọlọ: Kí Ló Dé Tí Aláìsàn Kì Í Lò Ó Bí Dókítà Ṣe Kọ Ọ́?

Oògùn ni mò ń tà, l'Abẹ́òkúta níbí, ìlú tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti pe "Àró", ilé ìwòsàn ọpọlọ wa, lẹ́nu, ibi yòówù kí ẹ wà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti mọ ohun tí ẹ ń sọ. Àwọn tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ máa ń mú ìwé oògùn wọn wá sí kémíìsì wa, àwọn ẹbí wọn a sì dúró díẹ̀ sí i láti bèèrè ohun tí wọn kò ráyè bèèrè ní kílíníìkì. Èyí tí wọ́n ń bèèrè jù ni mo kó jọ síbí. Kí n tiẹ̀ ti sọ èrò tèmi: n kò tíì rí ẹni tó kàn ṣàdédé pa oògùn tì. Ẹni tó ń sunkún a máa ríran. Ó ní ìdí tirẹ̀. Bí a kò bá mọ ìdí náà, tí a kàn ń pariwo lé e lórí, irọ́ là ń kọ́ ọ láti pa.

Àbúrò mi ti ń sùn dáadáa, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ara òun ti yá, oògùn kí ni òun tún ń lò?

Ìdí tó wọ́pọ̀ jù nìyí, mi ò sì bá a wí. Bí ibà bá mú wa, a ó lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ibà á lọ, ọ̀rọ̀ á parí. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa dàgbà nìyẹn: ara ò yá, lo oògùn, ara yá, fi í sílẹ̀. Àìsàn bíi schizophrenia (èyí tó ń mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí èrò rẹ̀ sì dàrú) àti bipolar (èyí tó ń gbé ọkàn sókè jù, tó tún ń rì í sínú ìrẹ̀wẹ̀sì) kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dà bí ẹ̀jẹ̀ ríru: bí ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀, oògùn ló fà á wálẹ̀, kì í ṣe pé àìsàn ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń tan ènìyàn ni pé bó bá dáwọ́ dúró lónìí, ó lè má sí ohun tí yóò ṣe é lọ́la. Ọ̀sẹ̀ á kọjá, oṣù á kọjá, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan. Ara rẹ̀ tiẹ̀ lè fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí oorun àsùnjù tí oògùn ń fà ti lọ. Á wá máa sọ fún yín pé, "Ṣebí mo wí?" Nígbà tí oorun òru bá wá ń dín kù, tó ń sọ̀rọ̀ jù tàbí tó ń yẹra fún èèyàn, kò sẹ́ni tó máa so ó mọ́ oògùn tó ti pa tì látìgbà yẹn.

Àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 65 jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn schizophrenia tó ń lo oògùn nìṣó, nǹkan bíi 27 ni àìsàn padà dé sí láàárín ọdún kan. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, 64 ni. Ẹ kíyè sí i pé àwọn kan wà tí oògùn kúrò lára wọn tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Àwọn yẹn ni àdúgbò máa ń tọ́ka sí. Àwọn tó kù, inú ilé ni ẹbí ń fi wọ́n pamọ́ sí, ta ló máa rí wọn kà?

Ṣé títí ayé ni? Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń ní kó lo oògùn fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nígbà àkọ́kọ́, ó kéré tán, ọdún kan sí méjì. Ẹ bi dókítà pé, "Ìgbà wo la ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù?" Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, kì í ṣe lójijì.

Ẹ̀gbọ́n wa kò gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ó ní àwa gan-an ni orí wa dàrú.

Kì í ṣe agídí o. Ọpọlọ tó yẹ kó sọ fún un pé ara rẹ̀ kò dá ni àìsàn náà ń bá jà. Ẹ má bá a jiyàn lórí orúkọ àìsàn, ẹ ò lè borí. Ẹ wá ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ráhùn lé lórí: oorun tí kò rí sùn, ohùn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo èyí kí ẹ lè rí oorun sùn" máa ń wọlé ju "Ẹ gbà pé orí yín ò pé" lọ. Mo mọ télọ̀ kan tó jẹ́ pé títí dòní, ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Ó ń ra oògùn rẹ̀ lóṣooṣù nítorí ó ní ó ń jẹ́ kí ọkàn òun pa pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Èmi ò bá a jiyàn.

Oògùn yìí sọ ọmọ mi di igi. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ṣé oògùn rere nìyẹn?

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni, àmọ́ ó ń ni ọmọ yín lára, ẹ sì ní láti sọ ọ́. Àwọn oògùn tó ti pẹ́, bíi haloperidol àti Largactil, máa ń mú kí ara le gbagidi bí igi, kí ọwọ́ gbọ̀n, kí itọ́ máa dà, pàápàá tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ga. Dókítà lè dín ìwọ̀n náà kù, ó lè fi Artane, oògùn tó ń dẹ ara tó le, kún un, ó sì lè pa oògùn náà dà. Tí ọrùn bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ojú yí sókè tí kò fẹ́ wálẹ̀ mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ wà tó máa ń tú u sílẹ̀ kíákíá. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àwọn ẹ̀mí burúkú ló dé. Oògùn ni.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ̀, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká, kò ní lè jókòó, bó bá jókòó á máa yí ẹsẹ̀ padà, bó bá dùbúlẹ̀ á dìde. Ará ilé á ní, "Àìsàn ti tún dé!" wọ́n á sì fi hóró kan kún un. Bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn ló ń tì í láti inú. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ni àìlèjókòó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí kì í fẹ́ rí hóró oògùn yẹn mọ́ láyé. Kí ẹ tó pinnu pé àìsàn ló padà, ẹ bi í pé, "Ṣé ọkàn rẹ ni kò balẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kó o jókòó?" Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà.

Nínú àwọn oògùn tuntun, olanzapine máa ń mú ebi pa èèyàn, ènìyàn á sanra, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì lè ga, torí náà ó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin tí gbogbo bùbá rẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́ láàárín oṣù díẹ̀, ẹ má sọ fún un pé "Ṣebí ara rẹ ti yá." Risperidone lè dá nǹkan oṣù dúró, ó sì lè mú omi jáde lọ́mú obìnrin tí kò bímọ. Ní ti ọkùnrin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí lè mú kí nǹkan ọkùnrin dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló máa sọ ìyẹn lójú ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá sí kílíníìkì? Ẹ jáde fún wọn díẹ̀ kí ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀.

Oorun ńkọ́? Ọlọ́kadà tó ń tòògbé lójú ọ̀nà Láfẹ́nwá á pa oògùn tì kó má baà kú, òun ló sì jàre. Ẹ bi dókítà bóyá ó lè kó gbogbo rẹ̀ sí alẹ́.

Ó ti lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ kan, kò rí ìyípadà, ó ti fẹ́ dá a dúró.

Amitriptyline, fluoxetine àti irú wọn máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ẹnu gbígbẹ, èébì àti oorun kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n sọ èyí fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ ikú láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, pàápàá ọ̀dọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gé káàdì oògùn náà sí méjì fún mi?

A máa ń gé e. Ìyá kan á tẹ́ ìwé oògùn lórí káńtà, ìwé tí wọ́n ti ká títí tó fi ya ní igun, aró àdìrẹ ṣì wà léèékánná rẹ̀. Á ní ká fún òun ní hóró márùn-ún nínú mẹ́wàá, á ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e kalẹ̀. Mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nílé: ọmọ á lo ọ̀kan lónìí, kò ní lò lọ́la, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá dé kílíníìkì, ojú á ti ìyá láti sọ pé owó ò tó, á ní ó ń lò ó déédéé. Dókítà á rí i pé kò sí ìyípadà, á fi kún ìwọ̀n oògùn. Oògùn tí wọn ò rówó rà á wá di ìlọ́po méjì. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ojú mi ni eléyìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù.

Oògùn ti wọ́n láti 2023. Náírà já wálẹ̀ lọ́dún yẹn, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá méjì, GlaxoSmithKline àti Sanofi, sì kéde lọ́dún yẹn kan náà pé àwọn ò ní máa ta ọjà fúnra àwọn ní Nàìjíríà mọ́. Nítorí náà ẹ má tijú. Ẹ sọ fún dókítà kó tó gbé bírò pé, "Iye báyìí ni agbára mi ká lóṣù." Haloperidol, Largactil àti amitriptyline sábà máa ń dín owó gan-an sí àwọn tuntun, wọn kì í sì í ṣe oògùn àwọn mẹ̀kúnnù lásán: wọ́n wà nínú ìwé oògùn kòṣeémáánì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977. Oògùn olówó pọ́ọ́kú tí a ń lò lójoojúmọ́ sàn ju olówó gọbọi tí a ń lò lọ́jọ́ tí owó bá wà.

Owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìmẹ̀kọ tàbí Ayétòrò wá sí Àró, owó ọkọ̀ lè ju owó oògùn lọ, tòun ti ẹni tó máa tẹ̀ lé e. Tí ara bá ti balẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè kọ oògùn oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì lọ ra ti inú ọ́rá tí kò ní orúkọ lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ṣé òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù?

Òótọ́ ni. Modecate ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀; ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n ń gbà á. Ó dára fún ẹni tó ń gbàgbé, fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, àti fún ilé tí ìjà oògùn ti ń tú ká. Òun náà lè mú kí ara le gbagidi, kò sì ṣeé yọ jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un, torí náà ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbà. Kí wọ́n má fi ṣe ìjìyà fún un.

Wòlíì ní ká kó oògùn dànù. Bàbá oníṣègùn náà ní tirẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ lò. Ta ni ká gbọ́?

Ìlú wa ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè yìí. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Àró ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí aláìsàn a bá a wá, wọ́n a máa se oúnjẹ fún un, wọ́n a máa fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n a sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ló kọ́, síbẹ̀ kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ẹ̀sìn tàbí àṣà rẹ̀ dànù. Ẹ wá ẹ̀mí yẹn lára ẹni tó ń tọ́jú yín. Wòlíì tó ní "Ẹ lo oògùn yín, èmi á máa gbàdúrà," ẹ dì í mú, wọ́n wà l'Abẹ́òkúta níbí, àlùfáà náà wà. Èyí tó ní kí ẹ kó o dànù kí ìgbàgbọ́ yín lè hàn, kò ní sí níbẹ̀ lóru tí ọmọ yín bá ń fọ́ fèrèsé. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń na aláìsàn, tí wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fi ebi pa á, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní ti àgbo, ìkìlọ̀ tòótọ́ wà. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń mú wèrè rọlẹ̀, agbára wà nínú rẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn òyìnbó pàápàá lo reserpine fún àìsàn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Agbára yẹn gan-an ló léwu: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, Largactil náà ń fà á wálẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè dìde lórí ibùsùn kó ṣubú lulẹ̀. Tí ẹ bá ń lo àgbo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú, kó ṣáà ti mọ̀.

Ààwẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ oògùn ṣeé pín sí sààrì àti ìṣínu, tàbí kí wọ́n kó o sí alẹ́. Ẹ lọ bá dókítà kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹni tó ń lo lithium, oògùn bipolar, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, lithium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè di májèlé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá gbààwẹ̀ láìsọ fún dókítà, ìbáà jẹ́ ti Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ará Àró.

Ṣé ẹ lè dá a lẹ́bi? Àwa náà ń fi orúkọ yẹn bú ara wa nínú sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Àwọn oníbàárà wa kan ń gbé nítòsí kémíìsì mìíràn, wọ́n á wọ kẹ̀kẹ́ kọjá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí ẹni tó mọ̀ wọ́n má baà rí wọn. Ìyàwó ilé kan ń kó tirẹ̀ sínú agolo atíkè. Nígbà tí ìyá ọkọ wá bá a wẹ ọmọ, tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà, kò rí ibi tó máa gbé mì, ó sì pa á tì títí ìyá fi lọ. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé oògùn dára. Ohun tó bá irú rẹ̀ mu ni kí ó rí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé tó mọ̀, kí dókítà sì sọ oògùn rẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, bó bá ṣeé ṣe.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwa ará ilé ń ṣe. Aláìsàn bínú pé wọ́n jẹ ẹran òun, ẹnì kan á ní, "Ṣé o ti lo oògùn ẹ lónìí?" Ó rẹ́rìn-ín jù níbi àpèjẹ, "Ṣé o ti lo oògùn ẹ?" Kò tún lè bínú bí ọmọ ènìyàn mọ́. Oògùn á di èdìdì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, ọjọ́ kan á sì jù ú sínú ṣáláńgá kó lè padà di ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi àkókò oògùn sí ibì kan, ẹ má mú un wọ inú ìjà.

Ṣé kí n lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀?

Ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ti ṣe é, ìfẹ́ ló sì fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, tó wá rí ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀, ẹ ti fún un ní ẹ̀rí. Kò ní jẹun yín mọ́. Àwọn oògùn kan ò sì gbọ́dọ̀ di lílọ̀. Tó bá kọ̀ pátápátá, tó sì léwu fún ara rẹ̀ tàbí fún yín, ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ohun tó kàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ló rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú ara rẹ̀.

Ìyàwó mi lóyún, ó ti da gbogbo oògùn rẹ̀ nù.

Ẹ gbé e lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ má dá pinnu. Valproate, oògùn wárápá tí wọ́n tún ń lò fún bipolar, lè ṣe oyún léṣe gan-an, kò yẹ kí wọ́n máa fún obìnrin tó ṣì lè lóyún bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Àwọn oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè máa lò lọ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Dídá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì náà ní ewu tirẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni abisínwín máa ń dé, ẹni tó sì ti ní bipolar rí ló sún mọ́ ọn jù.

Ó gbàgbé lánàá. Ṣé kó lo méjì lónìí?

Rárá. Kó lo ti òní, kó máa bá a lọ. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tó ń ṣe lójoojúmọ́, bíi fífọ ẹnu lálẹ́, tàbí kí fóònù máa dún.

Ọtí ńkọ́?

Ọtí, pàápàá pàràgà àti ògógóró, máa ń mú oorun oògùn di ìlọ́po. Igbó ń da ohun tí oògùn ń tún ṣe rú. Àmọ́ ohun tí mo máa ń sọ tẹ́nì kan kì í sọ ni pé bó bá mutí lónìí, kó má tìtorí ẹ̀ kó oògùn ọ̀sẹ̀ kan dànù. Kó sọ ọ́ ní kílíníìkì.

Ìgbà wo ni kò yẹ ká dúró de ọjọ́ kílíníìkì?

Tí kò bá sùn fún òru méjì tàbí mẹ́ta léra. Tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tó gbé oògùn púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ara bá gbóná, tó le gbagidi, tó ń làágùn, tí kò sì mọ ibi tó wà mọ́. Tí nǹkan bá sú sí i lára tàbí tí ẹnu rẹ̀ bó lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ Tegretol, òun náà oògùn wárápá tí wọ́n ń lò fún bipolar. Tí ẹni tó ń lo lithium bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń gbọ̀n, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó bá ń rìn.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání nínú páálí wọn, pẹ̀lú èyí tí kò lò àti ìgò àgbo bó bá wà. Ẹ sọ iye tó lò gan-an fún dókítà, kì í ṣe iye tó yẹ kó lò, torí òun ni yóò fi díwọ̀n èyí tó máa kọ.